Ta Ni Yóò Wádìí Ogbó?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kan bàbá yín àti ìyá yín, bí Ọlọ́run bá sì fún yín ní ẹ̀mí gígùn, yóò kan ẹ̀yin fúnra yín. Ọ̀rọ̀ ogbó ni. Gbogbo wa ni a máa ń gbàdúrà pé kí a dàgbà kí a dogbó, ṣùgbọ́n bí ogbó náà bá dé tán, díẹ̀ nínú wa ni ó máa ń bi í léèrè ohun tí ó gbé lọ́wọ́.

Ẹ wo ìyá arúgbó kan tí ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé. Ní òwúrọ̀ ó béèrè ọmọ rẹ̀ tí ó ti kú láti ọdún mẹ́wàá. Bí ó ti di ọ̀sán ó tún béèrè rẹ̀. Ní òru ó di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń lọ sí ilé, bẹ́ẹ̀ inú ilé náà ni ó wà. Kí ni àwọn ará ilé yóò wí? Ẹnìkan yóò ní ìyá ti ń ṣarán, pé bí gbogbo àgbà ti ń rí nìyẹn. Ẹlòmíràn yóò rẹ ohùn sílẹ̀, yóò ní iṣẹ́ ayé ni. Ẹnìkẹta, èyí tí ó burú jù, yóò ní ìyá náà gan-an ni àjẹ́, pé ohun tí ó ń fi òru ṣe ni ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ti mú kí ọmọ sá fún ìyá tí ó bí i. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ ogbó sílẹ̀ fún àbá ẹnu lásán.

Àwọn kan ti wádìí rẹ̀, ní ìlú wa níhìn-ín. Ní ọdún 1992, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Ìdíkàn, láàárín ìgboro Ìbàdàn, níbi tí ilé ti fara kan ilé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọṣúntókun, àgbà oníṣègùn ọpọlọ, ẹni tí ó kú ní 1995, wà lára àwọn tí ó ṣíwájú iṣẹ́ náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hugh Hendrie ni ó ṣíwájú níhà Amẹ́ríkà. Wọ́n ń wádìí àwọn àgbà Ìdíkàn, wọ́n sì ń wádìí àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń gbé ní ìlú Indianapolis, àwọn tí wọ́n kó baba ńlá wọn lẹ́rú láti Áfíríkà. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n gbé lọ sí ìlú méjèèjì: nínú àwọn tí ó ti pé ọmọ ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, mélòó ni àrùn arán ń bá jà?

Ẹ lè wí pé iṣẹ́ dókítà nìyẹn, kí ló kan ẹlòmíràn? Ẹ jẹ́ kí a wò ó. Ta ni ó pé ọmọ ọdún 65? Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wọ̀nyí kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Ìtàn ìlú ni a óò fi mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá bi bàbá kan ní 1992 pé, nígbà tí wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Màpó ní 1929, ṣé ẹ ti lè dá rìn dé ibẹ̀, tí ó sì ní òun ti ń gun òkè náà lọ ta ọsàn, ẹ ti mọ̀ pé ó ti kọjá 65 dáadáa. Dókítà kò kọ́ èyí ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Òpìtàn ni ó ni ín.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Ìdánwò tí àwọn òyìnbó fi ń yẹ ọpọlọ àgbà wò máa ń ní kí ènìyàn kàwé tàbí kí ó kọ nǹkan sílẹ̀. Bí ìyá tí kò mọ̀wé bá kùnà rẹ̀, ṣé arán ni, àbí àìlọ sí ilé ìwé? Nítorí náà ni wọ́n ṣe lo àkójọ ìbéèrè mìíràn, èyí tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán wò láàárín àwọn ẹ̀yà Cree ní Kánádà, wọ́n sì yí i sí Yorùbá tí ará Ìdíkàn ń sọ.

Ibi tí ó wù mí jù nínú iṣẹ́ náà ni ti ẹbí. Ìbéèrè náà kò mọ sọ́dọ̀ arúgbó nìkan. Wọ́n ń bi ẹni tí ó ń bá a gbé pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ òyìnbó, àgbà tí ó ń dá gbé ni yóò ra oúnjẹ fúnra rẹ̀, yóò sì san owó iná. Bí ọpọlọ rẹ̀ bá ti ń yẹ̀, kíá ni yóò hàn. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ìyàwó ilé ni ó ń sebẹ̀, ọmọ ọmọ ni a ń rán lọ sí ọjà. Ìyá tí a kì í rán níṣẹ́, báwo ni a ó ṣe mọ̀ bí kò bá lè jẹ́ iṣẹ́ mọ́? Ọ̀wọ̀ tí a ń bù fún un ni ó bo àìsàn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìṣe agbo ilé kò lè rí èyí, bí ó ti wù kí ìwé rẹ̀ pọ̀ tó.

Kí ni wọ́n wá rí? Ní ọdún 2001 wọ́n tẹ àbájáde kan jáde. Nínú ẹgbẹ̀rún àgbà tí arán kò ì tíì bá, láàárín ọdún kan, bí 13 tàbí 14 ni ó bá ní Ìbàdàn. Ní Indianapolis, bí 32 ni. Àbùdá kan tí a ń jogún, tí wọ́n ń pè ní APOE e4, tí ó máa ń ti ènìyàn sínú àìsàn Alzheimer ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ lára àwọn ará Ìbàdàn. Àwọn ará Ìdíkàn kò sanra tó àwọn ará Amẹ́ríkà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kò sì pọ̀ lára wọn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ rò pé èyí wà lára ohun tí ó fà á.

Ẹ má tìtorí èyí fọ́nnu. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú wa ti kú kí arán tó dé bá wọn. Oúnjẹ wa sì ti yí padà láti ìgbà náà. Ẹni tí baba rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko ń gun ọ̀kadà dé ìsọ̀ tí kò jìnnà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lò ni pé kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni arán. Ibà, etí dídi, ìbànújẹ́ ọkàn, àpọ̀jù oògùn, gbogbo wọn lè da orí àgbà rú, wọ́n sì ṣeé tọ́jú. Àìsàn Alzheimer kò ì tíì ní ìwòsàn, ṣùgbọ́n a lè mú kí ó rọrùn fún aláìsàn àti ará ilé. Ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, láti ọdún 2012, ibùdó kan ti wà tí ó jẹ́ ti àwọn àgbà nìkan, níbi tí oníṣègùn àti nọ́ọ̀sì àti àwọn onímọ̀ mìíràn ti jọ ń tọ́jú wọn.

Bí ẹ bá ń mú ìyá lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ kó gbogbo oògùn tí ó ń lò dání, ti ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ rántí ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, bóyá díẹ̀díẹ̀ ni tàbí lójijì, nítorí pé dókítà yóò béèrè rẹ̀. Ẹni tí ó ń bá a sùn nínú yàrá kan náà ni kí ó bá a lọ, kì í ṣe ọmọ tí ó ti Èkó dé lánàá.