Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Wa: Bí A Ó Ṣe Máa Ra Táyà Tó Bá Ọkọ̀ Mu
Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé

Àwa tí ẹ yàn pé ká máa bójú tó bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ la fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní gùn.

Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀sì wa ń bọ̀ láti Ṣakí. Ó kó iṣu àti èlùbọ́, mẹ́fà nínú wa sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọjá Ìṣẹ́yìn díẹ̀, táyà ẹ̀yìn kan bẹ́, ọkọ̀ ń jó sọ́tùn-ún sósì, ó sì wọ igbó lọ. Kò sí ẹni tó kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú wa kán lápá, títí di òní kò tíì lè gbé igbá èlùbọ́ rù. Àwọn kan ní iṣẹ́ ayé ni. Àwọn kan ní dẹ́rẹ́bà ló sáré jù. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ibẹ̀: àwa ìgbìmọ̀ la ra táyà yẹn. Dẹ́rẹ́bà sọ fún wa pé kì í ṣe irú rẹ̀ ni ọkọ̀ náà ń lò. A ní èyí tó ń sọ ti wọ́n jù, a ní ṣebí èyí náà wọ inú rímù. A ti bẹ dẹ́rẹ́bà. A ń bẹ ẹgbẹ́ náà lónìí.

Kí wá ni àṣìṣe wa? Ara férémù ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà ni wọ́n kọ iye táyà tó bá ọkọ̀ mu sí. Ti bọ́ọ̀sì wa ni 195R14C. 195 ni bí táyà ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà, 14 ni ìwọ̀n rímù ní íńṣì, lẹ́tà C yẹn sì fi hàn pé ti ọkọ̀ akẹ́rù ni. Èyí tí a rà ni 195/70R14, táyà ọkọ̀ kékeré. 195 bá 195 mu, 14 bá 14 mu, la bá sanwó. A kò wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń sọ ẹrù tí táyà lè gbé. 91 ló wà lára èyí tí a rà, ìyẹn ni pé kílò 615 ni táyà kan lè gbé. 106 ló wà lára èyí tó yẹ ká rà, kílò 950 nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi àpò ìrẹsì oníkílò 50 ṣírò rẹ̀. Táyà tó yẹ ká rà lè gbé àpò 19. Èyí tí a rà kò lè gbé ju 12 àti díẹ̀ lọ. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ní ìwọ̀n tirẹ̀, ẹ̀yìn ni iṣu sì wà. Ta ló máa di ẹrù àpò 19 ru ọmọ tí agbára rẹ̀ kò ju 12 lọ? Bàtà tó wọ ẹsẹ̀ kọ́ ni bàtà tó lè rìnnà jìnnà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ tiyín tàbí tí ọkọ yín àti ọmọ yín ní, ẹ kọ nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn yẹn sínú ìwé, kí ẹ mú un dání lọ sí ọjà táyà. Nọ́ńbà ẹrù ara táyà lè ju tinú ìwé lọ, kò gbọdọ̀ dín.

Ẹ wo ọjọ́ orí táyà pẹ̀lú. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ní ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti ń kìlọ̀ tipẹ́ pé kí a má lo táyà tó ti ju ọdún mẹ́rin lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Òun lẹ máa rí i tó ń dán lórí àtẹ, bẹ́ẹ̀ ó ti gbó sínú ilé ìkẹ́rùsí. Àwa tí a mọ èlùbọ́ tuntun yàtọ̀ sí èyí tí kòkòrò ti jẹ, kò yẹ kí èyí tàn wá jẹ.

Ilé iṣẹ́ Michelin ní Port Harcourt dáwọ́ dúró ní ọdún 2007, Dunlop ní Ìkẹjà dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní 2008. Láti ìgbà náà, orí omi ni ọ̀pọ̀ táyà wa ń gbà wọlé. Àwọn oníṣòwò kan máa ń ki táyà mẹ́ta tàbí mẹ́rin bọ inú ara wọn kí àyè lè gbà wọ́n nínú kọnténà. Wáyà inú táyà bẹ́ẹ̀ ti lè tẹ̀ tàbí kó já, ojú kò sì ní rí i. Bí ẹgbẹ́ táyà bá ti wọ́ tàbí tó ká kò, ẹ má rà á. Tòkunbọ̀ ńkọ́? Ìjọba ti fi òfin de kíkó táyà àlòkù ọkọ̀ kékeré àti bọ́ọ̀sì wọlé. Ẹni tó tà á kò mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí, ẹ̀yin tí ẹ rà á kò mọ̀.

Bó bá jẹ́ rímù lẹ fẹ́ pààrọ̀, iye ihò nọ́ọ̀tì nìkan kò tó. Jíjìnnà ihò síra wọn àti ihò àárín gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ mu gẹ́lẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òòlù gbá a wọlé. Bí wọ́n bá dè é tán, kí dẹ́rẹ́bà yí sitiárín tán sọ́tùn-ún, kó yí i tán sósì, ká wò ó bóyá táyà ń ha ara ọkọ̀. Lẹ́yìn ìrìn bíi kílómítà 80, ẹ dúró, ẹ tún nọ́ọ̀tì dè. Kí táyà méjèèjì ẹ̀yìn jẹ́ irú kan náà, ti iwájú bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn rẹ̀ ńkọ́? Iye tó wà lára ilẹ̀kùn ni kẹ́ ẹ fẹ́, kẹ́ ẹ sì wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn.

Ohun tí a ti pinnu nìyí. Láti òní lọ, nínú owó tí bọ́ọ̀sì bá pa, a ó máa yọ owó táyà sọ́tọ̀ kí a tó pín ohunkóhun. Èèyàn méjì nínú wa yóò máa bá dẹ́rẹ́bà lọ ra táyà, pẹ̀lú ìwé nọ́ńbà lọ́wọ́. Bí dẹ́rẹ́bà bá sì sọ pé ọkọ̀ kò ní jáde, ọkọ̀ kò ní jáde nìyẹn, bí ọjà tilẹ̀ ń dúró.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Iṣu tó bá ṣòfò, a lè tún rà á. Apá ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ ò rí i tà lọ́jà kankan. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ọ̀sán, a ó kó ara wa jọ lọ kí i nílé, kí ẹni tó bá lè mú nǹkan dání mú un wá.

Ajé á wọlé o. Àlọ ire, àbọ̀ ire. Àmín.