Kí Ẹ Tó Ra Laptop Tuntun Nítorí Géèmù Àtijọ́

Láti Àkúrẹ́ ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ bí ìṣe wa. Tí ẹ bá ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn mi, ẹ má bínú, ti aládùúgbò ni.

Ọ̀rọ̀ tòní ti Oǹdó wá. Ọmọ àǹtí mi kan tó ń kàwé níbẹ̀ ló pè mí lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá laptop tó ní graphics card. Owó wà lọ́wọ́ mi." Mo ní owó wo? Ó dákẹ́. Owó ilé ìwé ni.

Kí ẹ tó bú u, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nídìí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Toronto. Láti kékeré làwọn méjèèjì ti jọ ń ṣe Old School RuneScape. Ní alẹ́ Sunday, aago mẹ́jọ ní Oǹdó, aago mẹ́ta ọ̀sán lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, wọ́n á pàdé nínú géèmù, wọ́n á dúró létí odò, wọ́n á máa pẹja, wọ́n á sì máa kọ ọ̀rọ̀ síra wọn. Lórí fóònù, "Ṣé dáadáa ni?" "A dúpẹ́" ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọn. Létí odò yẹn ni ẹ̀gbọ́n ti sọ fún un pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun, nígbà tí màmá wọn ò tíì gbọ́ rárá. Ní báyìí laptop àbúrò ti ń wọ́ bí ìgbín, ó wá ku ẹ̀gbọ́n nìkan létí odò.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ géèmù yìí, 2001 ni RuneScape jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tún un ṣe, tún un ṣe, títí ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ fi ní àwọn ò dá a mọ̀ mọ́. Ní February 2013, ilé iṣẹ́ Jagex ní kí wọ́n dìbò. Ìbò tó wọlé lé ní 400,000, ni wọ́n bá gbé ẹ̀dà ti August 2007 jáde padà. Òun ni wọ́n ń pè ní Old School.

Géèmù 2007 wá ń há lórí laptop tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ dáadáa. Báwo? Ẹ̀dà àtijọ́ yẹn, tí wọ́n fi Java kọ, kì í lo graphics card rárá. CPU ló ń ṣe ìṣirò, òun náà ló tún ń kun gbogbo àwòrán, kò sì ní kọjá àwòrán 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ra card olówó gọbọi fún un, yóò káwọ́ gbera jókòó ni.

Mo wọ mọ́tò ní Saturday, a gba Ọ̀wẹnà àti Bọ́lọ́rundúró dé Oǹdó. HP EliteBook 840 G1 ló ń lò, tòkunbọ̀ tí gbogbo wa mọ̀. Mo ní kó lọ sí Grand Exchange, ọjà inú géèmù tí èrò ti máa ń pọ̀ jù. Àwòrán 11 ni mo kà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni bóyá íntánẹ́ẹ̀tì ni. Sáfà géèmù yìí máa ń gba iṣẹ́ wọlé ní gbogbo 0.6 ìṣẹ́jú àáyá, kò sí laptop tó lè yí ìyẹn padà. Tí ẹ bá yí kámẹ́rà tó yí geere, ṣùgbọ́n tí ẹni yín ò tètè gbéra, íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ti ọmọ yìí, kámẹ́rà gan-an ló ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí ọ̀pọ̀lọ́.

Mo tú ìdí laptop. Eruku inú fáànù ti di òwú, ọ̀dà tó ń gba ooru lórí CPU sì ti gbẹ bí ẹ̀kọ ìjẹta. CPU tó bá gbóná jù á dẹ ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kó má baà jóná. Mo gbá a, mo pààrọ̀ ọ̀dà. Mo tún rí i pé torí iná tí kì í dúró, bátìrì ló fi ń ṣe géèmù, Windows sì ti fi sí ibi tó ń ṣọ́ bátìrì lò. A dé 19.

Ó ń lo RuneLite, ètò kan tí Jagex fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n kò tan àfikún GPU inú rẹ̀ rí. Àfikún yẹn ló ń gba iṣẹ́ yíya àwòrán kúrò lọ́rùn CPU, tó ń gbé e fún Intel HD 4400 tí wọ́n kọ́ mọ́ ọn nínú. Mo tàn án, mo dín bí ojú ṣe ń ríran jìnnà kù, ó di 36. Ni mo bá fẹ́ ṣe fàájì, mo tan 117 HD, èyí tó ń sọ géèmù di arẹwà. Ó já sí 7. Mo yára pa á, ojú tì mí díẹ̀.

Èyí tó kù ni RAM. Ẹyọ 4GB kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ojú kejì ṣófo. Intel yìí ò ní ìrántí tirẹ̀, RAM ló ń yá lò. Ẹyọ kan lè gbé 12.8GB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, méjì á gbé 25.6. Mo ti mú ẹyọ tòkunbọ̀ kan dání láti Àkúrẹ́. DDR3L ni kí ẹ béèrè fún irú laptop yìí o, kì í ṣe DDR3 lásán, iná tí wọ́n ń gbà yàtọ̀. Mo kì í bọ̀ ọ́, a padà sí ọjà. 47, 50, 48.

Owó RAM ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kó má rò pé mo ti gbàgbé.

Ní Sunday, mo pè é ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti bi í léèrè owó ilé ìwé. Kò gbé e. Nígbà tó yá ló kọ̀wé sí mi: "Bọ̀dá, ẹ má bínú, a wà létí odò. Mo ti san án."

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.