Ọwọ́ Tó Ń Tún Ọkàn Ọmọdé Ṣe



Àwọn kan nínú wa ń bèèrè pé, ṣebí dókítà kan ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn ọmọ, kí ló dé tí owó rẹ̀ pọ̀ báyìí?

Ní November 29, 1944, ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, Amẹ́ríkà, Dókítà Alfred Blalock ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ jòjòló kan tí ara rẹ̀ dà bí aró, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tó. Dókítà Helen Taussig ló mú àbá rẹ̀ wá. Vivien Thomas, aláwọ̀ dúdú tí kò gboyè dókítà, ló ti fi ajá dán an wò léraléra. Orí àpótí ló dúró sí lẹ́yìn Blalock, tó ń júwe bí yóò ṣe rán iṣan. Ọdún 1976 ni wọ́n tó fún un ní oyè ọlá. Ó mà pẹ́ o!

Lónìí náà, ẹni tó ń fún ọmọ lóògùn oorun, ẹni tó ń darí ẹ̀rọ tó ń gba iṣẹ́ ọkàn ṣe, nọ́ọ̀sì tó ń ṣọ́ ọmọ mọ́jú, gbogbo wọn ló wà nínú owó yẹn. Àyẹ̀wò ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ ṣì ń bọ̀, opó tó ń dá tọ́ ọmọ kò sì lè dá a san.