Ẹ Fún Ọmọ Ní Ògiri: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwòrán Ara Ògiri Ìgboro

Mo túúbá lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà kí n tó la ẹnu, nítorí pé bí ọmọdé ò bá bá ìtàn, á bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni bàbá ìtàn.

Ìgbìmọ̀ ọdún ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́ kan tó kan àwọn ọ̀dọ́ wa ní Lomé yìí. Iṣẹ́ àwòrán ara ògiri ìgboro ni mo mú, èyí tí wọ́n ń pè ní gíráfítì. Mo rí i pé àwọn kan ti fajú ro. Ẹ má bínú. Èmi náà ti fajú ro sí i rí, ibẹ̀ gan-an ni n ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún méjìlá sẹ́yìn, ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ń kọ́ni nígbà náà, a dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, a bá àwòrán lára ògiri ẹ̀yìn kíláàsì. Orí gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni. Ó tóbi tó ènìyàn méjì, ojú rẹ̀ tutù, ejò sì wé mọ́ gèlè rẹ̀. Kò pẹ́ tí a fi mọ ẹni tó yà á. Ọmọ kíláàsì mi ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ọmọ ilé wa. Èmi ni mo fún un ní búrọ́ọ̀ṣì àti korobá omi. Mo ní kó fọ̀ ọ́ tán kí oòrùn tó wọ̀, mo sì pè é ní abàlújẹ́ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó fọ̀ ọ́. Kò bá mi jiyàn. Ohun kan ṣoṣo ló sọ: "Monsieur, ti ìyá mi àgbà ni." Ọdún yẹn kò parí tó fi kúrò ní ilé ẹ̀kọ́.

Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn tó yé mi. Ìyá rẹ̀ àgbà ló sọ fún un bí gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti rí, ọmọ náà kò sì rí ibòmíràn tó lè fi í hàn ayé. Ó ṣẹ̀, nítorí pé kò tọrọ àyè. Ṣùgbọ́n èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ rẹ̀, mi ò bi í léèrè ohun tó yà. Ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju èyí lọ: ẹni tó bá ní ògiri ló ń sọ ìtàn. Ọmọ tó bá mọ àwòrán yà, tí a kò fún un ní ògiri, yóò jí ògiri lò, tàbí kó jáwọ́ nínú iṣẹ́ náà. Ọ̀nà méjèèjì, àwa la pàdánù.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ibi tí wọ́n ti fún ọmọ ní ògiri. Ọkùnrin kan wà ní Dakar, olú-ìlú Senegal. Amadou Lamine Ngom ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Docta ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ìparí àwọn ọdún 1980 ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tó ṣì kéré. Ní àkókò náà, pàǹtírí gba ojú títì Dakar. Ní nǹkan bí ọdún 1990, àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà gbé ìgbálẹ̀ àti ṣọ́bìrì fúnra wọn. Wọ́n gbá àdúgbò, wọ́n kó ilẹ̀, wọ́n sì ya àwọn aṣíwájú ẹ̀sìn àti àwọn akọni ilẹ̀ wọn sára ògiri. Wọ́n pè é ní Set Setal. Ní èdè Wolof, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí o mọ́, kí o sì sọ àyíká rẹ di mímọ́. Ògiri tí wọ́n bá ti ya akọni sí, ojú á ti ènìyàn láti da ilẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Inú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni Docta dàgbà sí. Ó kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Doxandem Squad. Ní ọdún 2010, ó dá ọdún àwọn ayàwòrán ògiri sílẹ̀, Festigraff ni wọ́n ń pè é. Láti ìgbà náà ni àwọn ayàwòrán ti ń ti ilẹ̀ mìíràn ní Áfíríkà àti òkè òkun wá bá wọn ya ògiri ní Dakar.

Ohun tó wú mi lórí jù ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń ya tiwọn, kì í ṣe òru. Wọ́n á lọ bá onílé, wọ́n á jókòó ti àgbà àdúgbò, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ yà. Bí wọ́n bá ti gùn orí àtẹ̀gùn, àwọn ará ilé á máa gbé tíì wá. Docta tún ní iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Graff et Santé: bí àwọn ayàwòrán ti ń ya ọ̀rọ̀ ìlera sára ògiri, àwọn dókítà á jókòó nítòsí, wọ́n á máa yẹ àwọn ará àdúgbò wò. Àwọn obìnrin náà wà níbẹ̀. Dieynaba Sidibé, tí wọ́n ń pè ní Zeinixx, wà lára àwọn obìnrin tó kọ́kọ́ gbé agolo ọ̀dà ní Senegal. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní oṣù Kẹta ọdún 2020, àwọn ayàwòrán RBS Crew tètè jáde lọ ya bí a ṣe ń fọ ọwọ́ àti bí a ṣe ń bo imú sára ògiri ilé ẹ̀kọ́ gíga Cheikh Anta Diop. Ẹni tí kò lè ka ìwé náà rí i, ó sì yé e.

Ẹnìkan lè ní Dakar jìnnà. Cotonou kò jìnnà, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ará níbẹ̀. Ẹni tó bá ti gba etí èbúté kọjá láti bí ọdún mélòó kan yóò ti rí ògiri gígùn kan tó kún fún àwòrán, ó sún mọ́ kìlómítà kan. Laurenson Djihouessi, tí wọ́n ń pè ní Mr Stone, òun ló ṣíwájú iṣẹ́ náà pẹ̀lú àwọn ayàwòrán Effet Graff, ọdún gíráfítì tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Ìjọba tì wọ́n lẹ́yìn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilẹ̀ Faransé dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 ti ààfin Àgbómì padà fún Benin. Ìtàn irú àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ àti ti àwọn obìnrin jagunjagun Dàhómì wà lára ògiri náà. Ọmọ tó wà lẹ́yìn zémidjan ń kà á lọ láìsan kọ́bọ̀.

Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ronú díẹ̀. Àwọn obìnrin jagunjagun yẹn, àwọn bàbá ńlá wa mọ̀ wọ́n, ojú ogun ni wọ́n ti pàdé: ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1851, ní Kétu kí ìlú náà tó fọ́ ní ọdún 1886. Mi ò dá ìjà àtijọ́ sílẹ̀ o. Ọmọ ìyá ni gbogbo wa nísinsìnyí, a ti ń fẹ́ra, a ti ń bímọ fúnra wa. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn Fọ̀n sọ ìtàn tiwọn, wọ́n sì sọ ọ́ dáadáa. Ta ni yóò wá sọ ti Kétu? Ta ni yóò sọ bí àwọn Ifẹ̀ ṣe tẹ̀dó sí agbègbè Atakpamé? Ta ni yóò sọ bí àdúgbò kan ní Lomé yìí ṣe di Anagokomé? A kò lè máa retí pé kí ẹlòmíràn bá wa yà á.

Àwòrán ara ògiri kì í sì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní ojúbọ Òrìṣà Ìkirè, àwọn obìnrin ló ń kun ògiri. Láti inú ilẹ̀ àti ara ewé ni wọ́n ti ń rí àwọ̀ tí wọ́n ń lò. Bí ọdún bá ti ń sún mọ́, wọ́n á tún ògiri náà kùn lákọ̀tun. Àwòrán ọdún tó kọjá á lọ sábẹ́ ti ọdún tuntun. Àwọn ìyá wa mọ̀ pé ògiri tí a kò bá tún ṣe, ọjọ́ ọdún rẹ̀ ti kọjá nìyẹn.

Ní Lomé níhìn-ín náà, a ní àpẹẹrẹ. Paul Ahyi, tí a bí ní 1930 tó sì kú ní 2010, òun ló ya àsíá Togo tí à ń kí láràárọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́. Kò fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ sí yàrá olówó. Ó gbé iṣẹ́ ọnà sí gbangba ìlú, níbi tí ẹni tó ń lọ sọ́jà ti lè rí i. Ní ọdún 2009, UNESCO fi í joyè ayàwòrán fún àlàáfíà. Bí ọwọ́ ayàwòrán bá lè ya àsíá orílẹ̀-èdè, a kò gbọdọ̀ pe iṣẹ́ náà ní iṣẹ́ ìpáǹle.

Iṣẹ́ tó ní ẹ̀kọ́ ni. Wọ́n á kọ́kọ́ fọ ògiri, wọ́n á ha ọ̀dà tó ti ń bó kúrò, wọ́n á dí ibi tó lanu, kí wọ́n tó fi ọ̀dà funfun tẹ́ ẹ. Àwòrán orí ìwé ni wọ́n á pín sí àpótí kéékèèké, wọ́n á fa irú ìlà bẹ́ẹ̀ ní ńlá sára ògiri, kí ojú tó jẹ́ ìka kan lórí ìwé lè di mítà méjì láìwọ́. Ìṣirò nìyẹn, ẹ̀yin òbí. Bí agolo bá sún mọ́ ògiri, ìlà á tín-ín-rín. Bó bá jìnnà, ọ̀dà á fọ́n ká bí ìkùukùu. Wọ́n gbọ́dọ̀ bo imú, nítorí pé èéfín ọ̀dà ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Afẹ́fẹ́ òkun wa tó ní iyọ̀, oòrùn àti òjò, gbogbo wọn ni ọ̀tá àwòrán. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé iṣẹ́ fún ayàwòrán, kó ṣírò owó àtúnṣe mọ́ ọn.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, sí ẹgbẹ́ wa. Ògiri ọgbà wa gùn, ìwé ìpolówó nìkan ló wà lára rẹ̀. Kí a tó ṣe ọdún tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí á fi í fún àwọn ọ̀dọ́ wa. Kí àwọn àgbà jókòó tì wọ́n, kí wọ́n sọ ohun tó ṣeé yà àti ohun tí ojú kò gbọdọ̀ rí, nítorí pé kì í ṣe gbogbo awo ni à ń gbé sí ìgboro. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣeé yà. Ní ọdún 2001 ni UNESCO ti kéde rẹ̀ ní ogún gbogbo ayé, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo.

Ìkejì, sí ẹ̀yin ti mairie. Ẹ bá wa ya ògiri díẹ̀ sọ́tọ̀ ní ìgboro, kí ẹ sì ṣe ìwé àṣẹ tí ọmọ tálákà lè rí gbà láìmọ ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó bá ní ìwé àṣẹ kò ní máa sá fún ọlọ́pàá. Ẹni tó bá sì ya ti oníyà láìgbàṣẹ, ẹ mú un, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ibi tó lè yà á hàn án.

Ìkẹta, sí ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Bí a bá gbé iṣẹ́ fún ọmọ, kí a sanwó. "O ṣeun" kò ra ọ̀dà. Bí a bá sì bá àwòrán lára ògiri, kí á bèèrè ohun tó jẹ́, kí á tó wá omi.

Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di bàbá ọmọ. Ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ pátákó fún àwọn onígbàjámọ̀ àti àwọn onídìrí, iṣẹ́ yẹn ló fi ń jẹun. Mo lọ bá a kí n tó kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo sì tọrọ àforíjì. Ó rẹ́rìn-ín. Mo bi í bóyá ó ṣì rántí gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà. Ó mú bébà, ó yà á síwájú mi, ejò àti gèlè, kò gbàgbé ohun kan. Ìyá rẹ̀ àgbà ti lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìyá náà mọ̀, ọwọ́ ọmọ yẹn ló kù tó lè wá a sí.

Ẹ fún un ní ògiri. Kí Elédùmarè jẹ́ kí a pé jọ lẹ́ẹ̀míì níwájú ògiri náà, kí a má ṣe dín, kí a máa pọ̀ sí i. Àṣẹ.