Ilé Tó Ń Gbọ́ràn sí Onílé Lẹ́nu

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ ká fojú rí i.

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ilé tí ẹ̀rọ ń bá wa ṣàkóso. Àwọn kan á ti máa rò ó pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó Bódìjà ni. Rárá o. Ó ti wà ní Mọníyà níbí, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ti ń lò ó tipẹ́ láìmọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ wo tánkì omi. Súwíìsì kékeré kan wà tó ń léfòó nínú rẹ̀. Bí omi bá kún, á gbéra sókè, á pa pọ́ǹpù. Bí omi bá lọ sílẹ̀, á tún tàn án. Ẹ wo iná ìta tó ń tàn nírọ̀lẹ́, tó ń kú láàárọ̀: ojú kan wà lára rẹ̀ tó mọ ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí òkùnkùn. Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú gbogbo rẹ̀: ohun tó ń kíyè sí i, ohun tó ń pinnu, àti ohun tó ń ṣe é. Èyí tó jẹ́ tuntun ni pé fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ lè wà ní Dùgbẹ̀ kí ẹ pa iná yàrá yín ní Mọníyà.

Kí ni èrè rẹ̀? Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Pọ́ǹpù tó ń gba 750 watt, tí a bá gbàgbé rẹ̀ fún wákàtí 4, ó ti jẹ yúníìtì 3. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, yúníìtì kan gòkè di ₦225 fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún. Ní iye yẹn, ₦675 ti lọ, omi sì ń ṣàn sílẹ̀ lásán. Súwíìsì inú tánkì ò nílò fóònù, kò nílò dátà. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ní ìkìlọ̀ mẹ́ta.

Èkínní, ẹ má fi gbogbo ilé lé íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí, àṣẹ tí ẹ bá pa lórí fóònù á kọ́kọ́ lọ sí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ṣe é lókè òkun kó tó padà sí yàrá yín. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun bà jẹ́ nítòsí Ivory Coast, íntánẹ́ẹ̀tì sì dojú rú ní Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè míì. Nítorí náà, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ṣé súwíìsì ara ògiri á ṣì ṣiṣẹ́? Ilẹ̀kùn tí a ò lè fọwọ́ ṣí láti inú, ẹ má gbé e wọlé. Bí iná bá sọ lóru, kò sáyè pé à ń wá fóònù.

Èkejì, ẹ yí páswọ́ọ̀dù tó bá ẹ̀rọ wá láti ilé-iṣẹ́ padà. Lọ́dún 2016, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Daniel Kaye, gba àkóso ọ̀pọ̀lọpọ̀ kámẹ́rà onílé láti ọ̀nà jíjìn, ó fi wọ́n kọlu ilé-iṣẹ́ Lonestar ní Làìbéríà títí íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ fi dojú rú. Ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n ní London lọ́dún 2019. Bákan náà, bí oníṣẹ́ bá ń to ẹ̀rọ fún yín, kó fi fóònù àti ímeèlì tiyín ṣí i, kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù.

Ẹ̀kẹta ló jẹ mí lọ́kàn jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa wà ní Kánádà àti London, wọ́n á fẹ́ máa fi kámẹ́rà wo àwọn òbí wọn. Ìfẹ́ ni, a ò ní bá wọn jà. Kámẹ́rà ẹnu géètì dára. Ṣùgbọ́n yàrá ìyá ẹni kì í ṣe ibi tí à ń gbé kámẹ́rà sí láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó ilé àti ọmọ ọ̀dọ̀ náà lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ibi tí ó wà.

Ẹ sì rántí pé kámẹ́rà lè rí i pé Màmá ṣubú, kò lè gbé e dìde. Ọmọ tó rí i láti Toronto, ta ni yóò pè? Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹgbẹ́ wa: kí a kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹlẹgbẹ́ méjì tó súnmọ́ ilé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ní i lọ́wọ́. Ẹ̀rọ á kígbe, èèyàn ni yóò dá a lóhùn.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú. Ilé wa kò ní dahoro. A ó ṣe ọdún mẹ́wàá míì nínú àlàáfíà.