Omi Tó Bá Kúrò Lágbàlá Wa
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún àwọn ará Ire-Akárí, Ìsọlọ̀



Àwọn baba wa ní àgbàrá òjò kò lóun ò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Bí onílé ṣe ń kọ̀ fún àgbàrá l'Ékòó lónìí ni pé á rọ yanrìn kún ilẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi ga ju títì lọ, á mọ fẹ́ńsì yí i ká, á sì fi interlock bo gbogbo àgbàlá. Ilé tirẹ̀ gbẹ, ti aládùúgbò kún fómi. Èrò tèmi ni pé àwòrán ilé tí kò bá sọ ibi tí omi ń lọ lẹ́yìn fẹ́ńsì kò tíì pé, bó ti wù kí yàrá inú rẹ̀ dára tó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ẹ mú ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 18 ní ìbú, 36 ní gígùn. Bí òjò 50 mìlímítà bá rọ̀ sórí rẹ̀, omi náà tó 32,400 lítà, ìyẹn dúrọ́ọ̀mù 162, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 200 lítà. Bí koríko àti igi bá wà níbẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ni yóò sáré jáde, ilẹ̀ á mu èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù. Bí òrùlé àti kọ́ńkéré bá bo gbogbo rẹ̀ ńkọ́? Nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń jáde. Dúrọ́ọ̀mù 32 ti di 146. Ilẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn o! Gọ́tà iwájú ilé kò sì fẹ̀ sí i. Òjò ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2011 l'Ékòó ju 200 mìlímítà lọ, nítorí náà ẹ sọ ìṣirò mi di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ̀mí ṣòfò lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún kan náà, omíyalé pa ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ ní Ìbàdàn.

Òfin wà. Òfin ètò ìlú Ìpínlẹ̀ Èkó ti jáde láti ọdún 2010. Àjọ LASPPPA ló ń fúnni níwèé àṣẹ ìkọ́lé, àjọ LASBCA ń ṣọ́ iṣẹ́ náà títí ilé yóò fi parí, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká àti omi ló sì ń yẹ ilẹ̀ wò nítorí ọ̀nà omi. Ìbéèrè tí etí wa mọ̀ jù ni pé, ṣé ilẹ̀ yìí kò sí lójú kánààlì? Ó yẹ ká bi í. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó jìnnà sí kánààlì náà wà lára ohun tó ń mú un kún àkúnya.

Mi ò lè sọ̀rọ̀ ọ̀nà omi ní Ìsọlọ̀ kí n má rántí àwọn tó bá kánààlì Òkè-Àfà lọ. Lálẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002, tí ohun ìjà bú gbàù ní bárékè Ìkẹjà, wọ́n sá wọ kánààlì náà lókùnkùn. Ewéko ti bo ojú omi. Nítorí wọn ni mo fi ń fẹ́ kí gbogbo ọ̀nà omi hàn nínú sọ́fè, àti èyí tí ewéko ti bò.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbòmíràn. Ní Wales, láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ju ilé kan lọ, tàbí tí ibi ìkọ́lé rẹ̀ bá tó 100 mítà onígun mẹ́rin, gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́tọ̀ fún ètò omi òjò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Wọn á tún fẹ́ mọ ẹni tí yóò máa tọ́jú ètò náà lẹ́yìn tí ilé bá parí. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí kòtò omi tí kò lólùtọ́jú, pàǹtírí ni yóò kún un.

Àdúgbò tí a ti kọ́ tán ni tiwa. Ọjọ́ tí wọ́n bá wó ilé alábọ́dé kí wọ́n lè kọ́ fúláàtì alájà mẹ́ta ni àǹfààní wa: kí omi tí ilé tuntun ń dà sí títì má ṣe ju ti àtijọ́ lọ. Táǹkì abẹ́ ilẹ̀ lè gba omi òrùlé dúró. A lè fi apá kan àgbàlá sílẹ̀ láìbò. Kòtò tí ilẹ̀ yóò ti mu omi náà dára, ṣùgbọ́n inú oṣù kẹfà ni kí wọ́n gbẹ́ ihò ìdánwò, kì í ṣe ìgbà ọyẹ́, torí ihò tó gbẹ nígbà ọyẹ́ lè kún dẹ́nu nígbà òjò.

Ẹgbẹ́ onílé kò lágbára láti fọwọ́ sí àwòrán ilé. Ṣùgbọ́n ó lè ní kí ẹni tó fẹ́ kọ́lé wá fi ètò omi rẹ̀ han àwọn tó wà nísàlẹ̀ títì kí ó tó já yanrìn, kí wọ́n sì padà lọ wo àgbàlá náà lẹ́yìn ọdún kan, bóyá interlock kò tíì bo ibi tó ní òun yóò fi sílẹ̀.