Àsọyé Ọ̀fẹ́ Nínú Ilé Ọlọ́run

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Ìsọlọ̀, ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ àwọn àsọyé ọ̀fẹ́ tí ìjọ kan níbẹ̀ ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ fún)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn alàgbà ìjọ yìí tí wọ́n ṣí ilé wọn sílẹ̀ fún gbogbo wa, onígbàgbọ́, mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan bi mí léèrè pé, "Kí ni ó kan ìjọ Ọlọ́run nínú àsọyé lórí ìlera, lórí òfin ilẹ̀, tàbí lórí ìtàn ìlú? Ìwàásù kọ́ ha ni iṣẹ́ ìjọ bí?" Ìbéèrè náà tọ́, ìtàn ni n ó sì fi dá a lóhùn.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kínní ọdún 1844, ní Freetown ní ilẹ̀ Sàró, Àlùfáà Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fi èdè Yorùbá ṣe ìsìn. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ará wa tí ó wà níbẹ̀ ti ń gbọ́ ìwàásù ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà, èdè ìyá wọn ni wọ́n gbọ́ láti orí àga ìwàásù, wọ́n sì kún ilé náà. Nígbà tí ó súre fún wọn, "Kí ó ṣẹ" ni wọ́n fi dáhùn.

Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀. Ní 1859, Àlùfáà Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní Abẹ́òkúta, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọ nìkan ni a ń kà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìlú àti ọ̀rọ̀ òwò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1875, àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run pàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Ní 1884, Bíbélì wa pé. Nítorí náà, bí ìjọ kan bá pe àwọn ará àdúgbò jọ láti fi èdè wọn là wọ́n lóye, kò bẹ̀rẹ̀ àṣà tuntun kankan. Ogún tirẹ̀ ni ó padà lọ gbé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ọ̀rọ̀ tí ó dùn wá jù ní àdúgbò yìí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kínní ọdún 2002, ilé tí àwọn ológun ń kó ohun ìjà sí ní Ìkejà gbiná, àwọn bọ́ǹbù inú rẹ̀ sì ń bú léraléra. Ilẹ̀ mì, fèrèsé fọ́, àwọn ènìyàn sì tú jáde láìmọ ohun tí ń dún. Ọ̀pọ̀ wọn sá títí dé kánáàlì Òkè-Àfà níhìn-ín. Ewéko ti bo ojú omi náà, òkùnkùn sì ti ṣú; ẹni tí ó rò pé ilẹ̀ ni òun ń tẹ̀, inú omi ni ó bá ara rẹ̀. Ju 1,000 ènìyàn ni ó kú ní alẹ́ ọjọ́ náà, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì kú sínú kánáàlì yìí, ìyá pẹ̀lú ọmọ. Bọ́ǹbù kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Èmi kò dá àwọn òkú lẹ́bi. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Àwa tí a kù láàyè ni mo ń bá wí. Ẹni tí ó mọ ibi tí omi wà, tí ó mọ ọ̀nà tí a ń gbà sá àsálà, tí ó mọ ẹni tí òun lè bi léèrè, yóò ní ìrètí ìyè ju ẹni tí kò mọ̀ lọ. Ìmọ̀ ti kúrò ní ohun ọ̀ṣọ́ ní Ìsọlọ̀.

Ní Èkó yìí kan náà, ìjọ Covenant Christian Centre ti ń ṣe àsọyé ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní The Platform láti ọdún púpọ̀, ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún àti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá. Mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣe é, kò sì lè dé etí ìyá tí ń ta ata ní ọjà Òṣòdì. Èmi fúnra mi jẹ̀bi ọ̀ràn yìí. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn olùkọ́, mo ti dúró níwájú àwọn ìyá, mo sì sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì fún wọn ní wákàtí kan gbáko. Wọ́n ń mi orí, mo sì rò pé wọ́n gbọ́. Nígbà tí mo ń jáde lọ, ọ̀kan nínú wọn dì mí mú, ó ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ yẹn mà dùn o. Kí ni ẹ sọ?" Ojú tì mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé kí a má gba owó ẹnu ọ̀nà nìkan kò tó. Àsọyé tí ènìyàn kò gbọ́, ó ti fi àkókò rẹ̀ sanwó rẹ̀.

Bí ẹnìkan bá wí pé ẹ̀yà púpọ̀ ni ó wà láàárín wa, òtítọ́ ni. Orúkọ Òṣòdì gan-an mú wa rántí Landuji Òṣòdì Tápà, ọmọ Núpé, tí ó di ìjòyè ńlá lábẹ́ Ọba Kòsọ́kọ́. Àlejò kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa gbé. Ìjọ wa sì mọ iṣẹ́ ògbufọ̀. Kí á sọ ọ́ ní Yorùbá, kí á sì túmọ̀ rẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́.

Nítorí náà, mo bẹ ìgbìmọ̀ ní ohun mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí àsọyé máa wáyé lẹ́yìn tí ọjà bá tú. Ẹ pe àwọn tí ó mọ iṣẹ́ wọn láti ìtòsí wa: àwọn oníṣègùn ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìsọlọ̀, àti àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò NAFDAC ní Òṣòdì, kí wọ́n fi èdè wa kọ́ wa bí a ti ń sá fún ayédèrú oògùn. Kí ìdajì àkókò sì jẹ́ ti ìbéèrè, nítorí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Kí Ọlọ́run bùkún ilé yìí, kí ó má sì jẹ́ kí àìmọ̀ pa ọmọ wa kankan mọ́. Ẹ bá mi wí i bí àwọn baba wa ti wí i ní Sàró: Kí ó ṣẹ.